Ẹ̀jẹ̀ Ni Mo Wí

Ọkọ mi kò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe rò. Máhì ni, ọmọ Savalou pọ́ńbélé. Èmi jẹ́ ọmọ Ìṣà láti Agoua, ní ìhà Bantè. Nígbà tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo fẹ́ jẹ́ ọkọ́ rẹ̀." Ọkọ́ tí a fi ń roko ló pe ara rẹ̀. Bàbá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ náà ni kí o jẹ́. Obìnrin tó ní ọkọ tí kò ní ọkọ́, ebi ni yóò pa á." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi da omi tó gbé wá fún àlejò sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn Damien ti di ẹ̀rín ilé wa. Bó bá ní kí n bu ọ̀bẹ fún òun, n ó mú ọ̀bẹ fún un, n ó ní kó rọra jẹ ẹ́. Adèle ọmọ wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tó ti ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún bàbá rẹ̀. Èyí a máa bí Damien nínú. Olùkọ́ ni, ìtàn àti eré ìdárayá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Mẹ́tìrì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ ní ìhà tiwa. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó máa fẹ́ kí ìyàwó aránṣọ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Mo mọ̀, n kò sì ṣíwọ́. Ẹ̀rín yẹn ni a fi ń fẹ́ra wa. A kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Básíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì; bí ẹ bá bi mí, òun gan-an ni àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n là ń pè é, agbọ̀n tí a ń kó ẹrù sí. Damien a máa pè é ní bọ́ọ̀lù agbọ́n, agbọ́n tó ń ta ni. Àwọn obìnrin tó ń gbé aṣọ wá fún mi a máa béèrè pé, "Ìyá Adèle, ṣé agbọ́n ò tíì ta ọkọ yín lónìí?" Ẹgbẹ́ Àpáta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, nítorí àpáta tó wà káàkiri Savalou. Lọ́dún 1984 tí mo ń sọ yìí, Àpáta ti fọ́ di òkúta wẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ti bá Cotonou lọ, èkejì wọ iṣẹ́ ológun, èyí tó ga jù lọ wá iṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà. Àwọn tó kù lè sáré, wọ́n sì lè pariwo, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í wọlé.

Àwọn ọ̀gá dísíríìkì wá pe Damien. Wọ́n ní bí Àpáta kò bá gba ipò kìíní nínú ìdíje tó ń bọ̀ nígbà ọyẹ́, àwọn yóò gba pápá yẹn, àwọn yóò máa kó òwú sí i. Pápá náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń po símẹ́ǹtì nínú oòrùn. Ó dé ilé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù wọlé kí ọyẹ́ tó dé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó pè ní "libre" nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Faransé ni: ẹni tó dá wà, tí ẹgbẹ́ kankan kò ni ín, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè mú. Iléeṣẹ́ kan ní Bohicon ti tú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ká, àwọn ọmọ wọn sì fọ́n ká gbogbo ẹkùn Zou. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ libre yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tí ẹ rí lójú títì tí kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe pé kò ní olówó. Ẹni tó ni ín ni kò tíì jáde wá a.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bá ní kí wọ́n ra alùpùpù fún òun ná. Èkejì wá, ó sùn nílé wa, ó jẹ gbogbo iṣu tí bàbá mi fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ fò sókè ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀kẹta, Félicien, libre ni lóòótọ́. Sódábì, ògógóró ìhà tiwa, ti sọ ọ́ di òmìnira kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́, kúrò lọ́wọ́ aya, kúrò lọ́wọ́ ọpọlọ ara rẹ̀. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí ọkọ mi fi kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Gafarou ló sọ fún un nípa ọmọ Bantè. Gafarou ni ó ń wa bàṣé, ọkọ̀ kékeré tó ní tapólì lẹ́yìn, tó ń kó èrò láàárín Savalou àti Bantè. Ó ní ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tó ga bí òpó iná, tí bọ́ọ̀lù kì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Damien bá a lọ ní ọjọ́ ọjà.

Ó bá àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé, lórí ilẹ̀ pupa. Ọmọ náà wọ sùtánà funfun, ó ká a mọ́ ìdí, ẹsẹ̀ lásán ló wà bí òfin ìjọ wọn ṣe wí. Kì í sáré rárá. Ojú kan ló dúró sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sáré, wọ́n a jà sí bọ́ọ̀lù, wọ́n a gbé e wá fún un, òun a sì jù ú. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Damien jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó títí ọjà fi tú. Élisée lorúkọ ọmọ náà. Damien bi í bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ kankan, tàbí ó jẹ́ libre. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bi màmá mi."

Marthe ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, opó tó ń yan gààrì lẹ́bàá ọ̀nà Bobè. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí òun àti ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti rò ó fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rò ó bákan náà, àfi ibi ọ̀rọ̀ kan.

Marthe ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé àdúrà dé ni. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àbẹ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀. Damien kí i, ó sọ ohun tó bá wá: ó fẹ́ kí Élisée wá máa gbá bọ́ọ̀lù ní Savalou, òun yóò gbà á sílé, òun yóò fi í sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Omi lé ròrò lójú obìnrin náà. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ kú inú rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kì í jẹ́ kó sáré. Láti kékeré ni. Ẹ̀jẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ ni Marthe wí, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan. Ẹ̀jẹ́ ni ọkọ mi gbọ́, èyí tí ènìyàn ń jẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹkún wà lọ́fun obìnrin náà, ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ ti gbéra díẹ̀ níbi tí kò yẹ kó gbéra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ló ṣi Damien lọ́nà. Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tí aṣọ máa ń ṣe sí etí. Ó rí funfun, ó rí àbẹ́là, ó rí ẹsẹ̀ lásán, ó sì ti mọ ohun tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò sọ kó tó la ẹnu.

Ó ní, "Màmá, ṣé kò sí ẹni tó lè tú u?"

Marthe ní, "Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé Olùṣọ́ lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ bá Olùṣọ́ nítorí ẹ̀jẹ́ náà."

Marthe gbọ́ pé ẹ̀jẹ́ ló pè é. Ó mọ̀ pé Máhì ni, ó sì bá a tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú etí ara rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe fún àlejò tó ń gbìyànjú láti sọ èdè wa. Kò fẹ́ dójú tì í. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín, ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín, ọmọ yẹn ì bá sì wà láàyè.

Damien dé ilé, inú rẹ̀ ń dùn, inú sì ń bí i. Àkókò ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn, tí àwọn olùkọ́ ń pe ara wọn ní kamaráàdì, tí wọ́n ń bú gbogbo ohun tó bá jọ ìgbàgbọ́ nínú àlá àti ẹ̀mí. Ó ní, "Ọmọ tó ga tó yẹn! Tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó yẹn! Ìyá rẹ̀ lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì pé kò gbọdọ̀ sáré!" Máhì ló fi sọ ọ́ fún mi. Ní Máhì, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá, n kò sì rí ohun tó lè ta mí létí. Mo kàn sọ pé ẹ̀jẹ́ ọlọ́jẹ̀ẹ́, kí ó fi sílẹ̀. Nígbà tó kọ̀, mo ní kí n tẹ̀ lé e lọ bá àwọn ará Bantè sọ̀rọ̀, ará mi ni wọ́n. Ó wò mí, ó ní, "Kí o lè máa fi mí rẹ́rìn-ín lójú wọn?" Òun nìkan ló lọ.

Olùṣọ́ Siméon tó wà ní ìjọ náà kò tíì pẹ́ ní Bantè. Ìhà Porto-Novo ló ti wá, Gùn ló ń sọ, Gùn ló fi ń gbàdúrà, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ti ọjà lọ; ohun tí Marthe gbé lé e lọ́wọ́ kò yé e ju pé kó gbàdúrà fún ọmọ náà. Gùn àti Máhì sún mọ́ra, nítorí náà òun àti Damien gbọ́ ara wọn yé. Damien ní òun wá nítorí ẹ̀jẹ́ tí ìyá Élisée jẹ́, pé ìyá náà fẹ́ kí wọ́n tú u. Siméon rò pé nígbà olùṣọ́ tó ṣáájú òun ni wọ́n jẹ́ ẹ. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n mú àbẹ́là wá, àti tùràrí, àti lọ́fínńdà, àti èso. Damien tí kì í gba Ọlọ́run gbọ́ lọ rà wọ́n lọ́jà, ó ru wọ́n lórí bí obìnrin.

Wọ́n ní kí Élisée kúnlẹ̀. Olùṣọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì gbàdúrà gígùn ní Gùn. Ọmọ náà kò gbọ́ ohun tó yé e níbẹ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ àti Haleluyà. Nígbà tó parí, Olùṣọ́ jáde lọ bá Marthe ní ìta, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá ẹnu rẹ̀ sọ fún un pé, "Màmá, ó parí. A tú u sílẹ̀. Kó máa sáré."

Ẹ rò ó wò. Ọmọ mẹ́rin ni obìnrin yìí ti bí ṣáájú Élisée, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì pa gbogbo wọn ní kékeré. Ó ti gbé èyí tó ṣẹ́ kù yìí sùn nínú ilé àdúrà ní àìmọye ìgbà, tí egungun ọmọ náà ń ro ó, tó ń ké. Olùṣọ́ wá dúró níwájú rẹ̀, ó ní ó parí. Marthe dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń yí gbirigbiri, ó ń kọrin. Àwọn ará ìjọ bá a yọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn, pé n kò rí òpùrọ́ kan tí n ó bú.

Nígbà tí Damien wá mú ọmọ náà lọ, Marthe sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ Damien mú, ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ ó dá a padà fún mi?" Damien gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Màmá, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún yín. Bí mo ṣe mú un lọ yìí ni n ó ṣe mú un padà." Gafarou wà lórí ìjókòó ọkọ̀, ó gbọ́ ọ. Ó ní ọkọ mi pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tọ́, bí ọmọ Yorùbá gan-an.

Élisée dé ilé wa pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Mo wọ̀n ọ́n fún aṣọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gùn débi pé mo ní láti so okùn mọ́ tépù mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín, àpá egbò àtijọ́ kan wà létí kókósẹ̀ rẹ̀, tó dán, tí irun kì í hù sí. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí omi ọsàn. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní, "Tẹ́lẹ̀ ni kì í yá, Táǹtì. Wọ́n ti tú mi sílẹ̀." Mo rò pé ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ. Òun sì rò pé mo mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. Bí àwa méjèèjì ṣe gba ara wa gbọ́ nìyẹn, mo sì gé aṣọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn sáré. N kò rí ẹni tí eré sísá dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá rán an ní iyọ̀, yóò sáré lọ, yóò sáré bọ̀. Ó ń bá Adèle díje láti ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ́ kí Adèle borí. Ó ní gbogbo ayé òun, ojú kan ni òun ń dúró sí, pé ojú kan yẹn ló jẹ́ kí òun mọ bọ́ọ̀lù jù, nítorí ẹni tí kò lè sá tọ bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń bá mi dáná ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó máa ń kọrin ìjọ wọn wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń mu omi ṣáá.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i tó ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Ó jókòó sórí ìjókòó ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ìyálẹ̀ta kan, ó ń mì tìtì, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kí n pe Damien. Ó di ìró mi mú. Ó ní, "Táǹtì, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá sọ pé ó ń dùn mí, mo ń pe àdúrà Olùṣọ́ ní irọ́ nìyẹn. Ó máa padà wá." Mo ní kí ni yóò padà wá? Ó ní, "Ìdè náà." Mo sọ fún Damien síbẹ̀. Damien wo orúnkún ọmọ náà, ó fi òróró pa á, ó ní ara tí kò sáré rí ni, yóò mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ àṣekágbá dé pẹ̀lú ọyẹ́. Ẹ̀fúùfù láti orí òkè ń fẹ́ eruku lu ènìyàn lójú, ètè gbogbo wa ti sán. Savalou kún pápá náà bámúbámú, àwọn mìíràn gun orí àpò òwú tí wọ́n ti kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa ni ibẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn láti Bohicon, tí wọn kò tú ká, la fẹ́ bá pàdé. Élisée jáde pẹ̀lú aṣọ tí mo rán, ó bọ́ bàtà tí Damien rà fún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun kò lè fi bàtà jù ú.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, ojú kan ló dúró sí bíi ti Bantè. Wọ́n gbé e fún un, ó jù ú, ó wọlé. Wọ́n gbé e fún un, ó wọlé. Ìlú ń hó. Ní ìdajì kejì, àwọn ará Bohicon ti gbọ́n, ọmọ méjì ló dúró tì í. Damien dìde ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń pariwo ní Faransé pé kó sáré, kó kúrò lójú kan, kó lọ síbi tí kò sí ẹnìkan. "Libre! Libre!" ló ń ké, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí a kò dí ọ̀nà mọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó sáré. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ń jù, ó ń wọlé, àwọn tó ń dí i kò rí i mú. Èmi náà dìde lórí àga, mo ń pariwo. Lóòótọ́ ni, ó dára. Kò sí ohun tó dára tó o ní Savalou lọ́dún yẹn.

A ti borí kí ó tó ṣubú. Ó kọ́kọ́ jókòó, ó di àyà mú, ó ń wo ọ̀run bí ẹni tó ń wá ẹyẹ kan. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀. Ìlú ń jó lórí òwú, wọn kò mọ̀. Gafarou ló gbé e sínú bàṣé, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ó ń sọ pé àyà òun, egungun òun. Ó ní, "Táǹtì, ẹ má sọ fún Olùṣọ́." A dé ọpitáàlì, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó kú.

Dókítà bá Damien sọ̀rọ̀ ní Faransé. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn náà wà, pé abínibí ni, pé ẹni tó ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́ àti òùngbẹ. Damien gbọ́ ọ yékéyéké. Ìbànújẹ́ rẹ̀ sì di ìbínú lójú mi, nítorí ó ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Ọjọ́ kejì ni a gbé òkú náà lọ sí Bantè. Mo ti fi aṣọ funfun tó kù nínú ilé mi dì í. Damien jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gafarou, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ náà, mo sì ń gbọ́ ohun tó ń wí ní Máhì ní gbogbo ọ̀nà. "Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn, wọ́n fi í pa mọ́ fún mi. Ẹ̀jẹ́, ẹ̀jẹ́ ni wọ́n fi bò ó." Èmi náà ń bínú sí obìnrin náà. N kò ní purọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú wa dé. Marthe jókòó lórí ilẹ̀ níwájú ilé, àwọn ará ìjọ yí i ká, Olùṣọ́ Siméon dúró lẹ́yìn. Kò ké. Nígbà tí a gbé ọmọ náà kalẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Damien kò lè dúró kí ẹkún kọ́kọ́ wáyé. Ó ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún wa. Dókítà ní àìsàn ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti bí i. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Marthe gbé ojú sókè. "Mo sọ. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wí fún yín, Mẹ́tìrì. Ibí yìí ni mo dúró sí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló dè é."

"Ṣùgbọ́n a ti san ẹ̀jẹ́ náà, Màmá! Mo ra àbẹ́là. Olùṣọ́ tú u."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde tẹ̀ lé ara wọn, ti Marthe àti ti Damien, nínú gbogbo agbo yẹn èmi nìkan ló gbọ́ wọn pọ̀. Àwọn ará Bantè gbọ́ àlejò tó ń ṣi ohùn pè. Olùṣọ́ ń wo ẹnu wa, kò gbọ́ nǹkan kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ọkọ mi ṣi Yorùbá gbọ́, n kò rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo sì sọ ohun tí obìnrin náà wí fún un ní Máhì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Damien jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkú náà. Olùṣọ́ Siméon bi í ní Gùn pé kí ló ṣẹlẹ̀, Damien dá a lóhùn, Olùṣọ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àwọn kan ní ìdílé ọkọ mi sọ lẹ́yìn náà pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé ẹ̀rín mi ni kò jẹ́ kó mú mi dání. Kí wọ́n lọ rán aṣọ wọn níbòmíràn.

Marthe ní, "Ìyàwó Mẹ́tìrì, kí lẹ sọ fún un?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, kò gbọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ́ ló gbọ́. Ó rò pé ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìjọ ni. Òun ló gbé lọ bá Olùṣọ́, òun ni Olùṣọ́ tú."

Mo rí Marthe tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà nínú ara rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé àdúrà, dé orí iyanrìn tó ti yí gbirigbiri. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí Damien.

"Ẹ ní kó sọ ọ́. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó pa ọmọ mi fún mi."

Damien dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi. Eruku ọyẹ́ bò ó lójú. Ó gbìyànjú. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń wá ohùn náà. Ó ní, "Màmá... ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ́ ló pa á."

Ẹnìkan pòṣé láàárín èrò. Mo ti la ẹnu kí n tún un ṣe fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe. Marthe gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ó pè é dáadáa. Ẹ̀jẹ́ ni. Èyí tó jẹ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yìí, pé bí òun ṣe mú un lọ ni òun ó ṣe mú un padà."

Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wọlé. Damien ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kọjá.